Ṣéènì Tí Pẹ̀lẹ́ Ò Parí

"Má ṣáná sí i o, títí n ó fi dé. Ṣé o gbọ́?"

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ ọ́, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Àbúrò ní, "Mo ti gbọ́." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fọ bóòtù nínú epo. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo.

Iṣẹ́ kékeré ló bá jáde. Irin kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó máa ń ti ṣéènì kó lè le. Èyí tí wọ́n tà fún un ò bá ihò rẹ̀ mu. Ó ní òun ń lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́. Ó yí padà kó máa bọ̀, ó gbá àyà mú, ó jókòó sórí táyà kan bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò dìde mọ́. Àwọn tó gbé e wálé gbé irin náà wá pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọ̀rá. Wọ́n ní agbára káká ni àwọn fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìyá wọn nìkan ló kù tó ń pè é. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kì í kí ní pẹ̀lẹ́. Bó bá fẹ́ tú bóòtù tó ti dípẹtà, á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, á ní, "Pẹ̀lẹ́, jọ̀ọ́." Bí jáàkì bá yọ̀, tó sì ku díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, jáàkì náà ni yóò kí. Ọ̀gá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó máa ń na ara mọ́tò tó bá ti rún. Kànkàn ni wọ́n ń pè é nítorí ariwo òòlù rẹ̀. Òun ló máa ń fi Pẹ̀lẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

"Pẹ̀lẹ́! Ṣé o ti bi sípánà bóyá ó sùn dáadáa?"

"Ó fẹ́ sùn. Òòlù rẹ ni ò jẹ́."

Kò fẹ́yàwó. Ìyá wọn ní mọ́tò aláìsàn ni ìyàwó rẹ̀, àti pé wọ́n ti pọ̀ jù, orogún á pa ara wọn. Nígbà tí bàbá wọn kú, Pẹ̀lẹ́ ló di bàbá. Ìwé kọ̀, kò wọ Àbúrò lórí. Ọjọ́ tí ó sọ pé òun ò lọ sílé ìwé mọ́, ẹ̀rù bà á pé ẹ̀gbọ́n òun á nà òun. Pẹ̀lẹ́ wò ó títí. Ó ní, "Kò burú. Wá bá mi di iná mú." Bó ṣe di mẹkáníìkì nìyẹn.

Pẹ̀lẹ́ ní bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Kò fọkàn tán ojú. Bó bá fẹ́ tú ohun tó ń yí, á fi ọ̀dà funfun ṣe àmì bíńtín sára ohun tó ń yí náà, á ṣe òmíràn sára ohun tí kì í yí. Tó bá ń dè é padà, funfun gbọ́dọ̀ máa wo funfun. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti gé àmì tiwọn síbẹ̀ látilẹ̀, àmọ́ epo àti èérí máa ń bò ó. Pẹ̀lẹ́ ní, "Tiwọn, tiwọn ni. Tèmi ni mo mọ̀." Bó bá sì dè é tán, kò ní ṣáná lójú ẹsẹ̀. Á fi sípánà gígùn yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì pípé, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, á máa tẹ́tí. Kànkàn ní Pẹ̀lẹ́ àti ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn ni.

Mọ́tò tó fi sílẹ̀ lójú iṣẹ́ yìí, tiwọn ni. Arúgbó mọ́tò. Ó ti rìn débi pé aago tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti kà á sú, ó ti dúró sójú kan. Ṣéènì kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì tó so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè, kí apá méjèèjì lè jọ máa yí lásìkò kan náà. Ṣéènì ọ̀hún ti gbó, ó ti nà, ó ti dẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáná, á máa dún ṣàkàṣàkà bí ẹni tó ń gbọn ìṣó nínú agolo.

Mọ́tò gbogbo ayé ni Pẹ̀lẹ́ ń wò sàn. Tiwọn ń kérora. Bí ìyá wọn bá bá a wí, á ní, "Màámi, àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ dé." Ṣùgbọ́n ìyá náà fẹ́ràn ariwo yẹn. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó rìn púpọ̀ mọ́. Orí àga lẹ́bàá fèrèsé ló máa ń wà. Bí ṣàkàṣàkà bá ti ń bọ̀ ní kọ̀rọ̀ òpópónà, á ní, "Ó ti dé," á sì na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀.

Ìgbà tí mọ́tò náà ò lè gun òkè ilé ìwòsàn mọ́, àyàfi tí wọ́n bá tì í, ni Pẹ̀lẹ́ tó gbà láti tú u.

Ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àtọ̀gbẹ ń bá ìyá wọn fínra, egbò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí ò jinná. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́. Dókítà ò fepo bọyọ̀. Ó ní bí wọ́n bá jáfara, gígé ni. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Pẹ̀lẹ́ tán, Àbúrò fi bọ́ọ̀sì gbé ìyá wọn lọ síbẹ̀, torí kò sí takisí tó gbà láti wọ ọ̀nà wọn, kòtò pọ̀ jù. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga. Ẹsẹ̀ ìyá yọ̀. Egbò ṣí, ẹ̀jẹ̀ kún bàtà. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní òun ò gun bọ́ọ̀sì mọ́ láyé òun.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́, Màámi?"

"Kí wọ́n gé e. Mo ti sin ohun tó ju ẹsẹ̀ lọ."

Mọ́tò wà ní ṣọ́ọ̀bù, iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ṣéènì tuntun ti wà lórí rẹ̀, Pẹ̀lẹ́ ti gbé e sí i kó tó jáde. Irin inú ọ̀rá nìkan ló kù. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Àbúrò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ṣe é. Ojoojúmọ́ ló ń wá, á gbá ilẹ̀, á jókòó, á máa wò ó.

Mẹkáníìkì kan wá láti òpópónà kejì. Ó ní òun á parí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ṣé, sà. Wọ́n ní kí n má ṣáná sí i."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó kí i kú ará fẹ́ra kù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ò dákẹ́ bí ibi tí ò séèyàn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá páànù òrùlé, á dún bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń yọ jáde lábẹ́ mọ́tò. Àmì àtẹ́lẹwọ́ Pẹ̀lẹ́ wà lára ìdérí iwájú mọ́tò, níbi tó máa ń gbé e dúró, ìka márààrún, dúdú, pẹ̀lú epo. Àbúrò kì í jókòó síbi tí ọwọ́ náà ti kọjú sí. Nígbà mìíràn á gbọ́ tí wọ́n pè é. Á ní, "Sà?" Kò ní sẹ́nìkan. Òòlù Kànkàn lẹ́yìn ògiri ló máa ń dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣàkàṣàkà. Ó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ọ̀pá.

"Ó ti dé. Lọ ṣílẹ̀kùn fún un."

Àbúrò dìde. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà á lẹ́yìn náà nìyẹn, pé òun dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i, ó tún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí ọ̀nà wọlé. Mọ́tò ẹlòmíràn ló ń kọjá lọ, tí ṣéènì tirẹ̀ náà ti gbó. Eruku rẹ̀ wọlé.

"Ta ni?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Kò sẹ́nìkan, Mà."

Ìyá náà gbé ọ̀pá padà sí ibi tó wà. "Tilẹ̀kùn, jọ̀ọ́. Ẹ̀fọn ń wọlé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ó ń tú aṣọ egbò náà, òórùn kan jáde tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó lójú.

"Ó ti ń rùn, àbí?"

"Díẹ̀ ni, Mà."

"Irọ́ ò yẹ ọ́, ọmọ mi. Imú rẹ ti jẹ́wọ́."

Ó di ẹsẹ̀ náà padà. Ó fọwọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà, kò jẹun.

"Bọ̀dá Kànkàn, mo fẹ́ parí ẹ̀."

Kànkàn sọ òòlù sílẹ̀. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí. Lójoojúmọ́ tí mo bá rí mọ́tò yẹn, àánú ẹ̀ á ṣe mí. Ó dà bí ẹni tí oníṣègùn eyín ní kó lanu, tí oníṣègùn wá lọ jẹun."

Ẹ̀rín gbọn Àbúrò lójijì. Ẹ̀rín náà fẹ́ di nǹkan mìíràn. Ó gbé e mì.

"Ṣé kí n dúró tì ẹ́?"

"Ẹ dúró. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ọwọ́ mi yìí? Kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

"Òòlù ti mọ́ ọn lára jù."

"Wò ó, ẹnu ẹ̀gbọ́n ẹ lo jogún."

Àbúrò yọ irin náà nínú ọ̀rá. Ó fi í sí ihò rẹ̀, ó ṣe rẹ́gí. Ó mú bóòtù méjì rẹ̀ le, ó sì tú ìdè tó sé e mọ́lẹ̀, kó lè máa ti ṣéènì. Ṣéènì fà le gbọingbọin. Ó wo àmì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Funfun wà lára kẹ̀kẹ́ eléyín tí ṣéènì gùn lókè, funfun wà lára ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ìṣòro.

Ó fi sípánà gígùn sí ìsàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

"Pẹ̀lẹ́, jọ̀ọ́."

Ó dúró. Irun ara rẹ̀ dìde. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó wo Kànkàn.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ìwọ lo sọ ọ́."

Ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Yíyí àkọ́kọ́. Yíyí kejì. Kò sí ibi tó ti há, kò sí ibi tó ti kọ̀. Funfun padà wá bá funfun. Ó yẹ kó dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí sípánà. Ó kàn ń ṣe é bákan. Ó mú àkísà, ó nu èérí ojú kẹ̀kẹ́ eléyín náà dáadáa, títí àmì tí àwọn tó ṣe mọ́tò gé síbẹ̀ fi yọ. Ó nu ti ìsàlẹ̀ náà.

Ti ìsàlẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ti òkè ò sí níbẹ̀. Eyín kan ló fi rẹ̀yìn.

Ó tún un wò. Eyín kan.

"Kí ló dé?" ni Kànkàn bèèrè.

"Àmì tiwọn ò bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu."

"Èwo ni ká gbàgbọ́ nínú ẹ̀?"

"Àmì ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́."

"Ta ló ní ó purọ́? Mo kàn bi ọ́ ni."

Àbúrò fi ìka kan bóòtù tó di kẹ̀kẹ́ òkè mú. Bóòtù náà yí. Ìka lásán ló yí i. Kò le rárá.

Pẹ̀lẹ́ ò jẹ́ fi bóòtù sílẹ̀ báyẹn láyé rẹ̀. Àyàfi bóòtù tó bá ṣì fẹ́ tú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yé e nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ojú bá ń ríran bọ̀ nínú òkùnkùn. Òkè ilé ìwòsàn. Mọ́tò tí ò lágbára mọ́. Ṣéènì àtijọ́ ti dẹ̀ débi pé ó ti fo eyín kan kí wọ́n tó tú u. Àìsàn tó wà lára mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọ̀dà sàmì sí. Àmì náà ò purọ́. Ó sọ bí mọ́tò ṣe wà. Kò sọ bó ṣe yẹ kó wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti de ṣéènì tuntun mọ́ àìsàn kan náà kó tó rí i. Ó rí i. Ó fi bóòtù sílẹ̀ láìmú un le. Ó ní kí wọ́n má ṣáná sí i títí òun á fi dé, torí ó fẹ́ wá tú u, kó tún un ṣe.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín kan.

Àbúrò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó wúwo jù ló kù. Ohun tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kẹ́yìn láyé ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn. Òun ni yóò tú u.

Kànkàn náà jókòó.

"Ká ní ó wà níbí," ó ní, "ta ni ì bá tú u?"

"Òun ni."

"Ó dáa nígbà yẹn. Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lò ń bá a ṣe. O ò ba nǹkan kan jẹ́."

"Ọwọ́ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Bọ̀dá Kànkàn."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wà lára tèmi náà. Ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì láìfọ́ ọ?" Ó nu imú. "Dìde. Ilẹ̀ tútù."

Ó dìde. Ó ti irin náà padà sẹ́yìn, ó sé e mọ́bẹ̀. Ṣéènì dẹ̀. Ó yọ kẹ̀kẹ́ òkè, ó gbé ṣéènì kúrò lára rẹ̀. Ó sún kẹ̀kẹ́ náà síwájú ní eyín kan, ó gbé ṣéènì lé e, ó dá kẹ̀kẹ́ padà. Ó mú bóòtù náà le, ó mú un le gan-an. Ó tú irin náà sílẹ̀. Ó tún fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Àmì òkè wá síbi tó yẹ, ti ìsàlẹ̀ wá síbi tó yẹ.

Ó wá ìgò ọ̀dà funfun. Ó fi ṣe àmì tirẹ̀. Kò ha ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò. Àmì méjì wá wà níbẹ̀, eyín kan láàárín wọn.

Ó de ìdérí tó ń bo ṣéènì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n dúró kó gbẹ. Ó jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn sínú àwo, ó da tuntun sí i. Ó wọnú mọ́tò. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kò yí i.

"Kí lò ń wò?" ni Kànkàn bèèrè.

"Ẹnu ọ̀nà."

Kànkàn náà yíjú síbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Oòrùn wà níbẹ̀, òjìji igi kan ń mì. Wọ́n wò ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó wọlé.

"Àbúrò," ni Kànkàn wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹsẹ̀ ìyá ẹ ò lè dúró dè é."

Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n, ó gbà. Àbúrò sé èémí, ó ń dúró de ṣàkàṣàkà. Kò dún. Ó kàn ń kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sùn.

"Ó ti ṣáná?" Kànkàn tẹ etí mọ́ ọn. "Èyí ti dákẹ́ jù. Ṣé òun náà rèé?"

Àbúrò fi orí sọ pé òun náà ni.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí òpópónà. Kò na ọwọ́ sí ọ̀pá. Àbúrò wọlé tọ̀ ọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ. Mọ́tò wà níta."

"Mọ́tò ta ni?"

"Tiwa ni, Mà."

"Kì í ṣe tiwa. Tiwa kì í yọ́ wọlé bí olè."

"Mo ti parí ẹ̀, Mà. Ara ẹ̀ ti yá."

Ìyá náà gbé orí, ó tẹ́tí sí ìta, bí ẹni pé ariwo náà sá pamọ́ síbì kan, tó máa tó yọ. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ló sunkún, òun tí ò sunkún lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò pariwo. Àbúrò dúró níwájú rẹ̀, kò mọ ibi tí òun á kó ọwọ́ sí.

"N ò ní mọ̀ mọ́, tí o bá dé," ni ìyá náà wí.

"Màá máa fọn fèrè ẹ̀, Mà."

"Rárá. Mi ò fẹ́ fèrè. Wọlé wá pè mí."

Àbúrò gbé e. Ìyá rẹ̀ ti fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Mọ́tò náà gun òkè ilé ìwòsàn láìsí ẹni tó tì í. Nọ́ọ̀sì tú ẹsẹ̀ náà, ó pe dókítà. Wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n fọ̀ ọ́, ìyá di ọwọ́ Àbúrò mú títí ìka rẹ̀ fi kú. Dókítà ní ó kù díẹ̀ kó bọ́ sórí. Ó ní kò ní sí gígé, bí wọ́n bá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀.

"A ó máa wá, sà," ni Àbúrò wí.

Ó gbé ìyá rẹ̀ délé, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó wọ̀. Kànkàn ti ti tirẹ̀, ó ti lọ. Àwo ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, ó kún fọ́fọ́, ó dúdú. Kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá, ó fi àrọ sí ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, kí ẹnìkan di àrọ mú, kí ẹnìkan máa dà á. Ó kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún há kẹ́ẹ̀gì náà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti àrọ kó má yẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Díẹ̀ ṣàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dúró, ó tún orúnkún gbé kalẹ̀, ó ń dà á lọ.